Àgbọ̀n Tó Dúró De Àkókò Rẹ̀

Sábọ̀n Gàrí,
Kánò.

Fèyíṣayọ̀ ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara rẹ ti mọlé ní Ìlọrin? Ní tiwa níbí, kò sí ẹni tí orí ń fọ́, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sunkún ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Má gbà á gbọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí Mọ́ńdè yẹn ṣe rí, nítorí nígbà tí mo pè ọ́, ẹ̀rín ni o ń rín, o ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ò ní tún wáyà mọ́tò ẹnikẹ́ni ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé spíkà kékeré kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jà, ó gbé e ka orí páálí mílíìkì, ó so fóònù mọ́ ọn, ó wá ilé iṣẹ́ rédíò yín sí i. Hajiya Rabi, tó ti ń ta èlò ọbẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà tí o ṣì ń rákòrò, gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Oníbàárà kan ń ná ata gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, Hajiya na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ìgbà náà ni a gbọ́ ọ: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Èmi ni Fèyíṣayọ̀, èmi ni mo máa wà pẹ̀lú yín di aago mẹ́wàá."

Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, Hajiya yíjú sí mi, ó ní, "Maman Feyi, ban gane abin da ta ce ba, amma na ji kowace kalma." Òun ò mọ ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló dé etí òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ bá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹni tó páàkì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó páàkì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé èmi kì í kọ̀wé gígùn. Ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ohùn tí a bá fi ránṣẹ́, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà padà sórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí wà lọ́wọ́ rẹ. Yorùbá ni mo sì máa fi kọ ọ́. Ìwọ tí mo máa ń fi Yorùbá pè, tí wàá fi Hausa dá mi lóhùn, Yorùbá yẹn náà lo wá fi ń jẹun báyìí. Iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀.

O mọ ìtàn àgbọ̀n rẹ, nítorí ara rẹ ló ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ nínú èmi ìyá rẹ ní gbogbo àkókò yẹn, n ò tíì jókòó sọ ọ́ fún ọ rí. Ibẹ̀ ni mo ti máa fa ìmọ̀ràn tí mo ní yọ.

Nígbà tí eyín àgbà hù lẹ́nu rẹ, tìsàlẹ̀ ló wà níwájú tòkè. Mo rò pé yóò tò fúnra rẹ̀. Bí o ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni àgbọ̀n rẹ ń yọ síwájú sí i. O ò lè fi eyín iwájú gé nǹkan kan. Àgbàdo, eyín ẹ̀gbẹ́ lo fi ń họ ọ́. Ìrèké, àfi kí bàbá rẹ gé e wẹ́wẹ́ fún ọ. Orúkọ rẹ gan-an kì í jáde geere, afẹ́fẹ́ á ti gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ yọ. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní "Mai haɓa", alágbọ̀n. Wọ́n pè é títí, o ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ ni wọ́n yàn pé kí o ka Bíbélì. O rìn dé iwájú, o fi Bíbélì lé ọmọ mìíràn lọ́wọ́, o padà wá jókòó. O ò sunkún. O kàn ń wo bàtà rẹ. Ọjọ́ náà ni mo sọ fún bàbá rẹ pé a máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà Hadiza ni wọ́n ní kí a rí, ẹni tó ń to eyín. O rántí bó ṣe máa ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Ó wo ẹnu rẹ, ó ní kí o fi eyín tẹ ìda pupa kan, ó ya fọ́tò ojú rẹ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ya fíìmù egungun orí rẹ. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti eyín nìkan. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló ń dàgbà ju tòkè lọ, wáyà eyín nìkan ò sì lè mú un padà. Lọ́jọ́ kan, àfi kí wọ́n gé egungun náà, kí wọ́n sún un sí ibi tó yẹ.

Mo ní, "Nígbà wo, Dókítà?"

Ó ní, "Nígbà tó bá parí dídàgbà."

Mo ní, "Ọjọ́ wo nìyẹn?"

Ó ní, "Mama, egungun ló máa sọ fún wa."

Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́ nígbà náà. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Èmi tí mo ń tajà, bí ẹnìkan bá sọ pé ẹrù ń bọ̀, mo máa bi í pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ máa já a. Kí wá ni egungun máa sọ?

Ọdọọdún ni a ń lọ ya fíìmù, ọdọọdún ni Dókítà ń sọ pé kò tíì yá. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Àǹtí Bọ́sẹ̀ rẹ, àbúrò mi tó wà ní Èkó, pè mí pé òun ti rí ẹnìkan tó máa gé e kíákíá, kí n gbé ọ wá ní họlidé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ náà máa gbé ojú yẹn kiri títí yóò fi dàgbà ni?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo di ẹrù rẹ sínú báàgì. Mo wá ní kí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dókítà Hadiza, kí n sọ fún un, kó má baà dà bí ìwà àìmoore.

Kò bá mi jà. Ó mú fíìmù ọdún tó kọjá, ó gbé e ka orí tuntun, ó na méjèèjì síwájú iná. Ó ní, "Ẹ wo ibí yìí, Mama." Ìlà iwájú orí bára mu, ti imú bára mu, ṣùgbọ́n ti àgbọ̀n ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ti lọ síwájú. Ó ní, "Egungun yìí ṣì ń rìn. Bí wọ́n bá gé e lónìí, tí wọ́n sún un sẹ́yìn, òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Yóò máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ó lè tún kọjá eyín òkè, ẹ ó sì tún gbé e wá kí a tún un gé. Ṣé ẹ fẹ́ kó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ kékeré kan ní wọ́ọ̀dù yín tí ẹ ti ṣe tirẹ̀."

Ó ní, "Ọmọ yẹn, àgbọ̀n rẹ̀ kéré débi pé kì í lè mí dáadáa bó bá sùn. Èyí ò ṣeé dúró dè. Ti Fèyí ò dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kálukú yàtọ̀, Mama."

Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Inú ń bí mi, kì í ṣe sí Dókítà, sí egungun. O lọ ra omi inú ọ̀rá wá fún mi, o jókòó tì mí. Nígbà tí a délé, mo tú báàgì náà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún Àjíǹde fi kọjá.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú dání nìyí, Àmọ̀kẹ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Nínú iṣẹ́ tí o wà yìí, wàá rí àwọn tó máa sọ pé àwọn mọ ọ̀nà àbùjá. Má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bi wọ́n pé, "Kí nìdí?" Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe yóò gbé fíìmù síwájú iná, yóò ní kí o fi ojú ara rẹ wò ó. Ẹni tó bá ń kán ọ lójú, tí kò lè fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn ọ́, jọ̀wọ́, tú báàgì rẹ.

Èkejì ni pé ẹni tó ń dúró kò gbọdọ̀ sùn. Èyí, ìwọ lo kọ́ mi. Ní gbogbo ọdún tí a fi ń retí kí egungun yẹn jókòó, èmi ń kùn, ìwọ ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ rí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan nínú pàǹtí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tún un ṣe títí ó fi ń gba ohùn sílẹ̀. Bí o bá ti dé láti ilé ìwé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lo máa wà láàárín àwọn páálí, wàá ka Bíbélì Yorùbá sínú rẹ̀, wàá yí kásẹ́ẹ̀tì padà, wàá gbọ́ ara rẹ. Ọ̀rọ̀ tí kò bá dún dáadáa, wàá tún un kà. Nígbà mìíràn wàá ti ahọ́n sí òkè, nígbà mìíràn wàá ti i sí ẹ̀gbẹ́, o ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ lè gbà. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé pásítọ̀ wo ló wà lẹ́yìn yìí. Mo máa ń sọ pé kò tíì gba oyè ni.

Àgbọ̀n ò tíì tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń kóra jọ. Ọjọ́ tí ẹnu rẹ wá tọ́, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé ipò tí o fẹ́ kò tíì yá, má jókòó káwọ́ gbera. Lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà tí o ń múra àtiwọ yunifásítì ni fíìmù méjì wá bára mu délẹ̀délẹ̀, àti orí, àti imú, àti àgbọ̀n. Dókítà Hadiza ṣì ní kí a tún ya òmíràn lọ́dún tó tẹ̀lé e kó lè dá a lójú. Ìyẹn náà bára mu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, ó ti jókòó." Mo rò pé ọ̀la ni wọ́n máa gé e. Ó ní rárá, wáyà eyín ló kàn.

Ibẹ̀ ni ohun tó le jù lọ lójú tèmi ti wá. Ṣé o rántí àlàyé rẹ̀? Ó ní láti ọjọ́ yìí wá, eyín rẹ ti ń tẹ̀ láti bá ara wọn pàdé, tòkè tẹ̀ síta, tìsàlẹ̀ tẹ̀ sínú, kí aburú egungun náà má baà hàn tó bó ṣe yẹ. Ó ní àfi kí a kọ́kọ́ mú kálukú dúró ṣánṣán lórí egungun tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí wọ́n bá sún egungun, eyín ò ní í pàdé. Ó kìlọ̀ fún wa pé ojú rẹ máa burú sí i kó tó dára. A gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n etí la fi gbọ́ ọ. Ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àyà mi já. Wáyà wà lẹ́nu, àgbọ̀n tún wá yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé mo rí i pé wọ́n ti ba ọmọ náà jẹ́. Ìwọ náà wo dígí nílé, o ní, "Mama, wannan shi ne gyaran?" Ṣé àtúnṣe náà nìyí?

Bàbá rẹ ló dáhùn. Ó ń jẹun, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Bí mo bá fẹ́ tún wáyà mọ́tò ṣe, mo máa ń tú gbogbo ti àtijọ́ sílẹ̀ ná. Bí ẹni tó ni mọ́tò bá wọlé lásìkò yẹn, á fẹ́ sunkún. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn kí wọ́n padà wá ní ìrọ̀lẹ́." O rẹ́rìn-ín. O lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú wáyà lẹ́nu.

Fèyí mi, o sọ fún mi lórí fóònù pé ọ̀gá yín ń dá ọ dúró láàárín ọ̀rọ̀, pé ó ní bí o ṣe ń mí nídìí maikirofóònù kò dára, pé láti ìgbà tó ti ń tọ́ ọ sọ́nà ni o ti ń ṣì í sọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbọ́ mi. O ti wà níbẹ̀ rí. Wọ́n ń mú eyín rẹ dúró ṣánṣán ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àárín iṣẹ́ dá ọ lẹ́jọ́, pàápàá jù lọ ìwọ fúnra rẹ.

Mo wá dé ibi tó kàn mí jù lọ.

Ọjọ́ dé tí Dókítà ní eyín ti ṣe tán, egungun ti ṣe tán, oníṣẹ́ abẹ ti ṣe tán, kí a wá mú ọjọ́. Ṣé o mọ̀ pé èmi tí mo ti ń kánjú láti ọdún wọ̀nyí wá, èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí? Mo ní ìdánwò ń bọ̀. Mo ní ọyẹ́ ti dé, ètè á máa là. Mo ní, "Dókítà, ṣé kò lè dúró di ìgbà tó bá parí yunifásítì?"

Ó ní, "Ó lè dúró. Egungun tó ti jókòó kò ní í sá lọ. Ṣùgbọ́n eyín ti wà ní ipò rẹ̀, wáyà ò sì dára kó máa pẹ́ lẹ́nu láìnídìí. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi, Mama."

Mo tún ní ìdánwò ni. Ìwọ wò mí. O ò gbé ohùn sókè. O ní, "Mama, kin ce in jira. Na jira." Mo ní kí o dúró, o sì ti dúró.

A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta padà sílé, inú rẹ̀ ni mo ti sọ òtítọ́ fún ọ, pé ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè kùn ọ́ lóorun kí o má jí mọ́. O di ọwọ́ mi mú. O ní, "Nima ina jin tsoro." Ẹ̀rù ń ba ìwọ náà. O wá fi Yorùbá kún un, èyí tí o kì í sábà bá mi sọ, "Ṣùgbọ́n a máa lọ." Kẹ̀kẹ́ já wa sílẹ̀ níwájú ilé, mo sì pe Dókítà kí n tó wọlé.

Ọmọ mi, ìbẹ̀rù gbọ́n. Ó máa ń wọ aṣọ ọgbọ́n, á ní kí a ṣì fara balẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá sùúrù ni tàbí ẹ̀rù, wo ohun tí o ń dúró dè. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, egungun là ń dúró dè, a sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i lórí fíìmù. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí mo ń dúró dè mọ́. Sùúrù máa ń mọ ohun tó ń retí. Bí ọkọ bá fẹ́ ọ tí o sì fẹ́ ẹ, bí iṣẹ́ ńlá bá dé tí o ti gbára dì fún un, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bá ọ wá àwáwí bó ṣe bá mi wá a.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, o wọlé ní òwúrọ̀. Bàbá rẹ ò lè jókòó. Fáànù kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń dún kẹrẹkẹrẹ, ó yọ okùn iná rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ kékeré tú ìdí rẹ̀, ó tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì kan wá bá a pé ṣé ilé iṣẹ́ mànàmáná ló ti wá. Ó ní rárá, òun ni bàbá ọmọ tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì náà fi í sílẹ̀. Ọ̀sán ti lọ kí Dókítà Hadiza àti oníṣẹ́ abẹ tó jáde. Oníṣẹ́ abẹ fa ìbomú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "An gama lafiya." Wọ́n ti parí rẹ̀ láìséwu. Bàbá rẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí mo fi rán an létí.

Inú ẹnu ni wọ́n ti gé e, kò sí àpá kankan lójú rẹ, àwọn irin wẹ́wẹ́ ló di egungun náà mú nínú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ wú bí ẹni tí oyin ta, wọ́n sì fi rọ́bà so eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀. O ò lè sọ̀rọ̀. O ní kí n fún ọ ní fóònù, mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá lo fẹ́ kọ. Ohun tí o kọ ni, "Ebi ń pa mí."

Hajiya Rabi gbé kunun gyaɗa, ògì ẹ̀pà, wá lójoojúmọ́, ó ti sẹ́ ẹ títí kò fi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ ti kú, kunu á máa dà sí ọ láyà, o ò ní í mọ̀. Ìyẹn pẹ́ kó tó lọ. O sọ fún mi pé ibì kékeré kan ṣì wà lábẹ́ ètè náà tó dà bí ẹni ń sùn. Mo kọ èyí síbí nítorí n ò fẹ́ kí o máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀fẹ́ ni ohun rere. Ó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. O san án, o sì borí.

Ọjọ́ tí Dókítà ní o lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun rírọ̀, masa gbígbóná ni Hajiya dín wá, ìrẹsì lílọ̀ rẹ̀ rọ̀ bí òwú. O fi eyín iwájú gé e. O yọ ọ́ lẹ́nu, o wò ó. Ojú eyín rẹ wà lára rẹ̀, wọ́n tò rẹgí bí ìrán abẹ́rẹ́. O fi han bàbá rẹ. O fi han Hajiya. O fi han èmi, o tún gbà á lọ́wọ́ mi. Ogún ọdún lo fẹ́ẹ̀ pé nígbà náà, o ò sì tíì rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ. O kọ̀, o ò jẹ ìyókù masa yẹn. O gbé e sórí àwo, o ń wò ó, èèrà ló padà bá ọ jẹ ẹ́. Fèyí, mo ti rí ọjọ́ ayọ̀ púpọ̀ láyé, mo ti ṣe ìgbéyàwó, mo ti bímọ, mo ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù. N ò tíì rí èyí tó ju masa yẹn lọ.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ló kù. Ṣé o ṣì ń fi ike eyín yẹn sẹ́nu bí o bá fẹ́ sùn? Má parọ́ fún mi. Dókítà ní eyín máa ń rántí ilé tó ti kúrò. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, o tún fi oṣù púpọ̀ wọ wáyà, o ò ráhùn. Má jẹ́ kí ike kékeré tó ku ìkẹyìn sú ọ. Ohun tí a fi ọdún púpọ̀ tún ṣe, àìbìkítà díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́.

Ẹni tó bá sì ní Yorùbá rẹ ń ru òórùn Kánò, dá a lóhùn pé Kánò ni wọ́n ti bí ọ, àti bàbá rẹ, àti bàbá tó bí i, ẹni tó bá rélùwéè wá síbí. Ọ̀rọ̀ tí o bá ṣì sọ, kọ́ ọ. Ohùn tí o fi ń sọ ọ́, má fi í pamọ́. Fọ́tò rẹ àtijọ́ náà, èyí tí àgbọ̀n yọ níbẹ̀, ara ògiri ló wà, n ò ní í yọ ọ́. Kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Mo gbàdúrà fún ọ. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní Ìlọrin, ilẹ̀ á gbà ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ á máa wọ etí tó yẹ. Àkókò rẹ ò ní í kọjá rẹ, ìwọ náà ò sì ní í ṣáájú rẹ̀.

Iṣẹ́ kan ló kù tí mo fẹ́ rán ọ. Lánàá, obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti Hotoro. Hajiya Rabi ló júwe mi fún un. Ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, Zainab ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Irú àgbọ̀n rẹ ni. Ìyá rẹ̀ ní wọ́n ti ń sọ fún òun pé kí òun tètè lọ gé e kó tó le. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo júwe Dókítà Hadiza fún wọn, mo ní kí wọ́n lọ nísinsìnyí, kó lè máa wo bí egungun náà ṣe ń dàgbà, kì í ṣe kí wọ́n gé e. Mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ètò rẹ ti Mọ́ńdè, tí bàbá rẹ gbà sílẹ̀. Ọmọ náà bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ní irú àgbọ̀n òun rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ji zafi?" Ṣé ó dùn ọ́?

Mo ya ẹnu láti dáhùn, mo pa á dé. Àgbọ̀n tèmi kọ́ ni wọ́n gé. Mo sọ fún un pé ìwọ fúnra rẹ máa pè é ní Sátidé, wàá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí. Mo ti fi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí fóònù rẹ. Hausa ni kí o bá a sọ. Ó ti ní kí ìyá òun má rán òun níṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń yan bí ọba kiri ọjà Sábọ̀n Gàrí nítorí rẹ.